Èdìdì Baba àti Èdìdì Ìyá

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni bíni ni à á jọ. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn, kírómósómù 46 ni ó wà: 23 láti ọ̀dọ̀ baba, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lórí wọn ni àwọn jíìnì wà, èyí tí í ṣe ìlànà tí ara fi ń dàgbà. Mendel, ẹni tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí oríṣi ẹ̀wà kan jáde ní ọdún 1866, fi hàn pé ìbáà jẹ́ láti ọ̀dọ̀ akọ, ìbáà jẹ́ láti ọ̀dọ̀ abo ni àbùdá kan ti wá, bákan náà ni yóò rí lára ọmọ. Ṣùgbọ́n gbogbo jíìnì ha rí bẹ́ẹ̀ bí?

Ní ọdún 1984, àwọn onímọ̀ ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn mìíràn ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, dán an wò lára èkúté. Wọ́n fi ogún ìyá méjì sínú ẹyin kan láìsí ti baba. Wọ́n sì fi ogún baba méjì sínú òmíràn láìsí ti ìyá. Iye kírómósómù pé, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan tí ó yè títí di ìgbà ìbí. Níbi tí ti baba kò sí, ibi ọmọ kò dàgbà bí ó ti yẹ. Níbi tí ti ìyá kò sí, ọlẹ̀ gan-an ni kò dàgbà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú jíìnì bí 20,000 tí a ní, àwọn bí 100 wà tí a fi èdìdì dì láti ọ̀dọ̀ òbí kan. Àmì kẹ́míkà kékeré ni èdìdì náà, ó lẹ̀ mọ́ jíìnì tàbí ẹ̀bá rẹ̀. Kò yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Ó kàn mú un dákẹ́ ni. Nígbà tí ara bá ń pèsè ẹyin tàbí àtọ̀, a pa èdìdì àtijọ́ rẹ́, a sì fi tuntun sí i: ti ọkùnrin a di èdìdì baba, ti obìnrin a di èdìdì ìyá.

Ẹ jẹ́ kí a wo kírómósómù 15. Bí apá kan rẹ̀ bá sọnù láti ọ̀dọ̀ baba, ti ìyá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́. Ọmọ náà a rọ̀ ní ìkókó, kì í lè mu ọmú dáadáa. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, ebi tí kì í tán a máa pa á. Prader, Labhart àti Willi, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Switzerland, ni wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1956. Bí ó bá jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá ni apá kan náà ti sọnù, àìsàn mìíràn ni: ọmọ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀, ìrìn rẹ̀ kì í dúró ṣinṣin, gìrì a máa mú un, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i. Harry Angelman, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1965. Ní ọdún 1989 ni a fi hàn pé àlàfo kan náà ni ó ń fa méjèèjì, àti pé òbí tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jókòó nínú kíláàsì wa. Bí ó bá jí oúnjẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, a ó pè é ní wọ̀bìà. Bí ó bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a ń kọ́ni, a ó ní ó ń fi olùkọ́ ṣe ẹlẹ́yà. A ó sì di ẹ̀bi ru ìyá rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àlàfo náà kàn ṣẹlẹ̀ ni. Kò sí òbí tí ó fà á. Ẹ jẹ́ kí a gbé oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí a dá àkókò oúnjẹ rẹ̀ sí ọ̀kan, kí a sì gba àwọn òbí rẹ̀ níyànjú láti mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹgba kò lè kọ́ ọ ní ohun tí ara rẹ̀ kò lè kà.