Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́? Ẹ̀kọ́ Lórí Plugin, Àṣẹ Ìlò àti Ìdènà Àdàkọ

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí n fi iṣẹ́ àṣekágbá mi sílẹ̀ nígbà tí háàdì dírààfù kọ̀ǹpútà mi kú. Ẹ̀rù kò kọ́kọ́ bà mí, nítorí pé mo ti da gbogbo fáìlì iṣẹ́ náà sórí èyí tí mo máa ń gbé kiri. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi háàdì dírààfù tuntun sí i, mo tún gbogbo sọ́fítíwíà mi fi sí i, mo sì ṣí iṣẹ́ mi kí n lè gbọ́ ohùn ìyá àgbà tó sun ẹkún ìyàwó fún mi ní Ìsẹ́yìn. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mo gbọ́. Ohùn ìyá wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Plugin tí mo fi yọ ariwo náà kúrò kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ó ní iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n fún mi láṣẹ lé lórí ti pé. Kọ̀ǹpútà kan náà ni o!

Mo ra plugin yìí ni, n kò jí i. Inú owó oúnjẹ ni mo ti yọ owó rẹ̀, ẹ̀rí ìsanwó sì wà nínú ímeèlì mi títí di òní. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọjọ́ márùn-ún sì kọjá kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún yẹn, ọ̀rẹ́ mi tó wà ní yàrá kejì ń lo plugin kan náà. Èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni tirẹ̀. Kò san kọ́bọ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún un.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè inú àpilẹ̀kọ yìí ti wá: kí ló fà á tí àgádágodo fi ń ti ẹni tó sanwó mọ́ ìta, tí ẹni tí kò sanwó sì wà nínú ilé? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpele ìpele, nítorí pé kò sí ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa, ì báà jẹ́ orin, ì báà jẹ́ ewì alohùn, tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn.

1. Kí ni plugin?

Plugin jẹ́ sọ́fítíwíà kékeré tí kì í dá ṣiṣẹ́. Inú sọ́fítíwíà ńlá tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, irú bíi Cubase, Pro Tools, FL Studio tàbí REAPER, ni a ti ń pè é wá ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń nu ariwo kúrò, àwọn kan ń jẹ́ kí ohùn dún bí ẹni pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni wọ́n ti kọrin, àwọn kan ń dún bíi dùùrù tàbí ìlù. Auto-Tune, tí ilé iṣẹ́ Antares gbé jáde ní 1997, ń fa ohùn tó yẹsẹ̀ padà sójú ìró tó yẹ.

Ní 1996 ni ilé iṣẹ́ Steinberg ní ìlú Hamburg, orílẹ̀-èdè Jámánì, gbé ìlànà VST jáde, tí ó sì ṣí i sílẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè ṣe plugin tí yóò bá Cubase ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí sítúdíò ń fi àpótí ẹ̀rọ olówó gọbọi ṣe ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

2. Kí ni a ń rà gan-an?

Bí ẹ bá ra gángan lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ìlù, gángan náà ti di tiyín. Ẹ lè yá ẹlòmíràn, ẹ lè tà á, ọmọ yín sì lè jogún rẹ̀. Ẹni tó ṣe é lè kú, ilé rẹ̀ lè wó, gángan yín yóò ṣì máa dún.

Plugin kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn gígùn tí a kì í kà, tí a kàn ń tẹ “Mo gbà” sí, sábà máa ń sọ ọ́ kedere pé wọn kò ta plugin náà fún wa. Àṣẹ láti lò ó ni wọ́n fún wa, pẹ̀lú ààlà tí wọ́n fi sí i. Ayálégbé ni wá, bí wọ́n tilẹ̀ kọ “Rà á” gàdàgbà sí ibi tí a ti sanwó.

Ọ̀rọ̀ “rà” yìí ló mú kí ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 2024, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025. Òfin náà ní ẹni tó bá lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjà orí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé àṣẹ ìlò ni ó ń gbà, àfi bí ọjà náà bá jẹ́ èyí tí oníbàárà lè gbà sílẹ̀ pátápátá kó sì máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Yúróòpù, ilé ẹjọ́ gíga àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ náà ti dá ẹjọ́ kan láàárín UsedSoft àti Oracle ní 2012. Wọ́n ní ẹni tó ra àṣẹ aláìlópin fún sọ́fítíwíà lè tún un tà, bí ó bá ti sọ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ òun di aláìṣiṣẹ́. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè “ta ló ni ín?” kì í ṣe àwàdà.

3. Oríṣi àgádágodo

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni nọ́ḿbà tàbí fáìlì àṣẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ síni lẹ́yìn tí a bá sanwó. Èyí ló rọrùn jù. Ẹ tọ́jú fáìlì náà, ó parí.

Ìkejì ni kọ́kọ́rọ́ USB, irú bí iLok ti ilé iṣẹ́ PACE ní Amẹ́ríkà. Inú kọ́kọ́rọ́ yìí ni àṣẹ wà. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ni plugin ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì sọ ọ́ nù ti kó gbogbo àṣẹ inú rẹ̀ sínú ewu. Ohun tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ ni o.

Ìkẹta ni àyẹ̀wò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe sábà máa ń ṣiṣẹ́ nìyí. Plugin yóò ka àwọn àmì kan lára kọ̀ǹpútà, bíi nọ́ḿbà háàdì dírààfù àti ti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, yóò sì pò wọ́n pọ̀ di nọ́ḿbà gígùn kan tó dà bí ìlà ìka ọwọ́ kọ̀ǹpútà náà. Yóò fi èyí ránṣẹ́ sí sáfà ilé iṣẹ́. Sáfà yóò wò ó bóyá oníbàárà ṣì ní àyè, yóò lu òǹtẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ilé iṣẹ́ sí i, yóò sì dá a padà. Nígbàkígbà tí a bá pe plugin, yóò yẹ òǹtẹ̀ náà wò, yóò sì bá a wé ìlà ìka kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá bára mu, ó ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn tún máa ń padà lọ béèrè lọ́wọ́ sáfà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ó ti wá yé yín báyìí ohun tó ṣe mí. Mo pààrọ̀ háàdì dírààfù, ìlà ìka kọ̀ǹpútà mi yí padà, sáfà sì rò pé kọ̀ǹpútà kẹta ni mo gbé dé.

4. Ọ̀nà wo ni olè ń gbà wọlé?

Òǹtẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ le, kò rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ òǹtẹ̀ wò wà nínú plugin, plugin sì wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó fẹ́ já a. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò kàn yọ ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹnìkan péré ló ní láti ṣe é, ẹgbẹẹgbẹ̀rún yóò sì da ohun tó ṣe kọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ń lo èyí tí wọ́n já kò ní bá ẹ̀ṣọ́ pàdé mọ́. Ẹni tó sanwó nìkan ni yóò máa fi ìwé rẹ̀ hàn lójoojúmọ́.

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ wa nìyẹn. Bí àgádágodo bá ṣe ń le sí i, wàhálà ẹni tó sanwó ló ń pọ̀ sí i. Olè ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti já a.

5. Àpẹẹrẹ mẹ́ta

Ní oṣù kẹfà 2013, PACE gbé ètò tuntun jáde tí àwọn oníbàárà yóò máa fi bójú tó àṣẹ inú iLok. Ọ̀pọ̀ wọn bọ́ sórí ètò tuntun náà, wọ́n sì bá a pé àṣẹ wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí ọ̀rọ̀ tó lójútùú. Ẹ wo sítúdíò tó ń gba owó ní wákàtí wákàtí, tí akọrin ti dúró sídìí gbohùngbohùn, tí plugin tí wọ́n sanwó fún sì kọ̀ láti ṣí.

Ní ìparí oṣù kẹta 2023, Waves, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ísírẹ́lì tó gba àmì-ẹ̀yẹ Technical Grammy ní 2011, kéde pé òun kò ní ta àṣẹ aláìlópin mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ plugin òun yóò máa san owó oṣooṣù tàbí ọdọọdún. Inú bí àwọn oníbàárà gan-an, pàápàá àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó plugin wọn jọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Waves fi tọrọ àforíjì, tí wọ́n sì dá títa àṣẹ aláìlópin padà. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ohùn oníbàárà ní agbára nígbà tó bá dún pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni eLicenser, kọ́kọ́rọ́ USB tí Steinberg lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò tuntun tí kò nílò USB rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún 2025, wọ́n ti sáfà rẹ̀ pa. Kọ́kọ́rọ́ tí àṣẹ ti wà nínú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù, kò sí sáfà tí yóò dá àṣẹ náà padà mọ́. Àṣẹ “aláìlópin” tó wà nínú rẹ̀ ti wá ní òpin: ọjọ́ tí ìdọ̀tí bá wọ ẹnu USB.

6. Ṣé ká ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn ni?

Rárá o. Ènìyàn ló ṣe plugin. Ẹlòmíràn jókòó ti ìṣirò ohùn fún ọdún méjì, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ péré, kí ó tó rí nǹkan tà. Ẹni tó bá ń jí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ nínú àwo rẹ̀. Òfin pàápàá kò gbè sẹ́yìn àwa tí inú ń bí: DMCA ti Amẹ́ríkà ní 1998 àti òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà tí wọ́n pè ní Copyright Act 2022, àwọn méjèèjì ló ka jíjá irú àgádágodo yìí sí ẹ̀ṣẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn àyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Kòkòrò kọ̀ǹpútà sì pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n já.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. REAPER fún gbogbo ènìyàn ní 60 ọjọ́ láti dán an wò, kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìyẹn. Ó kàn ń rán ènìyàn létí pé kó sanwó. 60 dọ́là ni owó rẹ̀ fún àwa tí kò rówó rẹpẹtẹ. Ẹni tó ra FL Studio lẹ́ẹ̀kan ń gba àtúnṣe tuntun rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láéláé. Audacity àti Surge XT kò ní àgádágodo kankan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n.

Níbi tí àwa wà, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì Nàìjíríà dá lílo káàdì náírà fún ìsanwó ilẹ̀ òkèèrè dúró, tí ẹni tó fẹ́ ṣòótọ́ kò sì rí ọ̀nà sanwó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun já ní ìtòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dá dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Èkó dé Accra. Àgádágodo tó gbọ́dọ̀ bá sáfà sọ̀rọ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lọ.

7. Ohun tí ẹ lè ṣe

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan márùn-ún. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Kọ̀ǹpútà mélòó ni àṣẹ náà gbà? Bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́ ńkọ́? Ṣé mo lè tà á fún ẹlòmíràn? Bí ilé iṣẹ́ náà bá kógbá sílé, kí ni yóò kù lọ́wọ́ mi?

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á, ẹ tọ́jú ẹ̀rí ìsanwó àti nọ́ḿbà àṣẹ sí ibi méjì. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ háàdì dírààfù tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ yín kúrò lórí rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ní ìparí iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ yí ohùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti tún ṣe padà sí fáìlì WAV lásán. WAV kì í béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì má ṣe pa ohùn àkọ́kọ́ rẹ́ láé.

Ká ní mo ti ṣe ìkan péré nínú ìwọ̀nyí, ohùn ìyá ì bá ti wà lọ́wọ́ mi ní mímọ́ tónítóní. Ohun tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni èyí tí jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀. Alábòójútó mi gbọ́ ọ, ó wò mí, ó ní, “Ṣé kò sí ẹ̀dà mìíràn ni?” Mo ní, “Ó wà, sà. Wọ́n tì í mọ́lé ni.”

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ríra gángan àti ríra àṣẹ ìlò plugin?
2. Kí ló dé tí àgádágodo tó le kò fi dí olè lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹnìkan bá ti já a?
3. Nínú fáìlì ohùn tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín lónìí, mélòó ni ẹ lè ṣí bí gbogbo sáfà ilé iṣẹ́ bá kú lọ́la?