Laptop Tuntun Tó Ń Lọ Bí Ìgbín: Má Tíì Fọ́ọ̀mátì Ẹ̀ O!

Ká sọ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra laptop. Owó gbáàgúdá tí bàbá tà wà nínú ẹ̀, owó àjọ tí màmá kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. O gbé e délé ní abúlé kan lẹ́yìn Àkànràn, o tàn án, ó ń pòòyì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó ṣí. O so ó mọ́ hotspot fóònù ẹ, àmì Wi-Fi kún, síbẹ̀ kò sí ojú ìwé kan tó fẹ́ ṣí. Kó tó dalẹ́, dátà 2GB ti tán, iṣẹ́ tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ síléèwé ṣì wà nílẹ̀. Ni ọ̀rẹ́ ẹ bá ní, "Ayédèrú ni wọ́n tà fún ẹ. Gbé e lọ, kí wọ́n bá ẹ fọ́ọ̀mátì ẹ̀."

Dúró ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara laptop yẹn le koko.

Kí ló ń ṣe é gan-an?

Laptop tuntun lè ti pẹ́ nínú páálí kó tó dé ọwọ́ ẹ. Windows tó wà nínú ẹ̀ ti dàgbà látìgbà tí wọ́n ti dì í. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ rí íntánẹ́ẹ̀tì, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo updates tó ti jáde lẹ́yìn náà, á sì máa tò wọ́n sórí dísíìkì. Ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ GB. Bí dátà bá tán lójú ọ̀nà, tàbí bí bátìrì bá kú tí NEPA ò sì mú iná wá, iṣẹ́ á dúró. Tó o bá tún tàn án, á padà sídìí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń falẹ̀, tó sì tún ń jẹ dátà. Wàhálà méjì lò ń rí, àmọ́ ibì kan náà ni wọ́n ti wá.

Tó o bá wá fọ́ọ̀mátì ẹ̀, o ti dá a padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Updates á tún bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ iléèwé tó o ti tẹ̀ síbẹ̀ á sì lọ.

Àyẹ̀wò kìíní: ṣé laptop ló ń falẹ̀?

Pa Wi-Fi, kó o wá tẹ Restart, kì í ṣe Shut down. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Windows ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Fast Startup. Tó o bá tẹ Shut down, ó máa ń tọ́jú apá kan nínú ìrántí ẹ̀ sórí dísíìkì, á sì fi jí lọ́jọ́ kejì, tòun ti ìdààmú àná. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Fi fóònù ka iye ìṣẹ́jú tó gbà.

Lẹ́yìn náà, tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á ṣí. Lábẹ́ Startup apps, wàá rí àwọn nǹkan tó ń dìde fúnra wọn tí laptop bá ti ń jí. Èyí tó ò nílò láàárọ̀, tẹ Disable fún un. Kò ní parẹ́, á kàn dúró dìgbà tó o bá pè é. Má fọwọ́ kan antivirus.

Wo Performance náà: ṣé SSD ni dísíìkì ẹ àbí HDD? Inú HDD, àwo ló ń yí, ọ̀pọ̀ ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ kékeré kan sì ń sáré wá nǹkan lórí ẹ̀. Inú SSD, nǹkan kan ò yí rárá. Bí HDD bá pẹ́ díẹ̀ kó tó jí, kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn.

Àyẹ̀wò kejì: ibo ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já?

Ọ̀nà méjì ló wà. Wi-Fi ń gbé e láti laptop dé fóònù. Fóònù ló wá ń gbé e dé òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Àmì Wi-Fi tó kún lórí laptop, ọ̀nà àkọ́kọ́ nìkan ló ń sọ. Fóònù lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, kí òpó wà lẹ́yìn oko kẹta.

Torí náà, gé hotspot, kó o ṣí ojú ìwé kan lórí fóònù fúnra ẹ̀. Tí kò bá ṣí, laptop ò mọwọ́mẹsẹ̀. Gbé fóònù lọ sójú fèrèsé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: páànù máa ń ta ìgbì rédíò padà, ògiri amọ̀ tó nípọn sì ń gbé e mì. Láàárọ̀ kùtù, kò sí èrò púpọ̀ lórí òpó, ó máa ń yá díẹ̀.

Tó bá ṣí lórí fóònù àmọ́ tí laptop ò ṣí i, fi wáyà USB so wọ́n pọ̀, kó o tan USB tethering. Tó bá lọ, Wi-Fi ni kó o wò. Nínú hotspot fóònù, yan 2.4 GHz dípò 5 GHz. Ìgbì 2.4 gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12, ìlọ́po méjì ti 5. Ó ń gba ògiri kọjá jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 5 yára jù ú lọ nítòsí.

Dáàbò bo dátà ẹ

Nínú Settings, lọ sí Wi-Fi, tẹ orúkọ hotspot ẹ, kó o tan Metered connection. Windows á mọ̀ pé owó lò ń san, á dá ọ̀pọ̀ updates dúró. Àmọ́ má fi wọ́n sílẹ̀ títí láé, torí inú wọn ni ààbò wà. Ọjọ́ tó o bá dé ibi tí iná àti Wi-Fi tó dáa wà, ní Mọ́níyà, ní Ẹgbẹ́dá tàbí láàárín Ìbàdàn, jẹ́ kó parí gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kó o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kó o lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Tí updates bá ti parí, tí laptop tó ní SSD ṣì ń falẹ̀ láìsí Wi-Fi, tàbí tí kò rí hotspot kankan nígbà tí fóònù míì ń rí i, ìgbà yẹn ni kó o mú rìsíìtì, kó o dá a padà fẹ́ni tó tà á kí wáráńtì tó tán.