Títo Àkókò Ètò Lórí Tẹlifíṣàn

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ètò orí tẹlifíṣàn, ohun tí wọ́n fi hàn la sábà ń yẹ̀ wò. Àkókò tí wọ́n fi í hàn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Ohun mẹ́ta ló ń mú un yàtọ̀ láti àgbègbè dé àgbègbè.

Èkíní ni oòrùn. Ètò tí New York ń wò ní agogo mẹ́jọ alẹ́, agogo méje ni ti Chicago. Agogo kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ń lò, síbẹ̀ ilẹ̀ máa ń ṣú ní Maiduguri ní bí ìdajì wákàtí ṣáájú Òṣogbo.

Èkejì ni ẹni tó ni ilé-iṣẹ́. Nígbà tí ITV bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, àgbègbè kọ̀ọ̀kan ló ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1968, Thames ní London dá eré Crossroads dúró fún bí oṣù mẹ́fà. Títí di 1975, ẹ̀yìn ni London wà nínú ìtàn náà.

Ẹ̀kẹta ni owó ìpolówó ọjà. Ìrọ̀lẹ́, tí èrò ti ti oko àti ọjà dé, ló níye lórí jù.

Èyí kan OSBC tó wà ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo. Agogo mẹ́sàn-án ni ìròyìn NTA jákèjádò orílẹ̀-èdè; ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ló lè to ètò mọ́ ìgbà tí ará ìlú wà nílé. Bí olówó bá ra gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí ètò Yorùbá bọ́ sí ọ̀sán, ta ni yóò wò ó? Mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa máa ṣàkọsílẹ̀ agogo tí ètò Yorùbá bọ́ sí. Kíka iye wọn nìkan kò tó.