Ògiri tí ó Bu àti Ikọ́ Inú Ilé

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Alángbá nìkan kọ́ ni ó ń wá ihò ara ògiri. Omi òjò pẹ̀lú ń wá a. Bí omi bá sì wọ ògiri tí kò rí ọ̀nà jáde, ògiri náà yóò bu.

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, ẹ wo ìdí ògiri amọ̀ nígbà òjò, tàbí igun yàrá tí páànù orí rẹ̀ ti lu. Ẹ ó rí àbàwọ́n dúdú tí ń tàn ká bí epo lára aṣọ. Kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ohun alààyè ni, ẹbí olú, irú èyí tí a ń rí lára èlùbọ́ tí ó ti bu. Irúgbìn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Nínú afẹ́fẹ́ ni ó ń fò kiri, ibi tí ó bá sì tutù ni ó ń hù sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo yàrá kan tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn, tí àpò pákí gbígbẹ wà ní igun rẹ̀. Ọmọ kékeré ń wúkọ́ lóru. Ìyá rẹ̀ ní, “Òtútù ni.” Ó ti fèrèsé pa, ó sì fi àkísà dí ihò tí ó kù. Èémí ènìyàn mẹ́fà àti ọ̀rinrin aṣọ tí a sá sínú ilé kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ògiri túbọ̀ ń tutù, ó túbọ̀ ń bu, ikọ́ ọmọ sì ń le sí i. Ìfẹ́ ni ó mú ìyá ṣe bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ń dáàbò bo ọmọ náà ni ó ń bọ́ àìsàn rẹ̀.

Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé àwọn tí ń gbé inú ilé tí ó tutù, tí ó sì bu, a máa ní ikọ́ àti ikọ́ fée ju àwọn mìíràn lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilé amọ̀ nìkan ni èyí kàn. Ní ìlú Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, kú ní oṣù Kejìlá 2020. Ní 2022, adájọ́ tí ń wádìí ikú sọ pé bíbu ilé wọn ni ó ba èémí rẹ̀ jẹ́. Ní 2023, wọ́n ṣe òfin tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kí àwọn onílé ìjọba má baà fi irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìtún un ṣe.

Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń wá sí Igbó-Ọrà láti mọ bí àwọn ará ìlú ṣe ń gbé. Ẹ̀kọ́ ńlá ni: ẹni tí yóò wo ikọ́ sàn, kí ó wo ilé pẹ̀lú.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ kọ́kọ́ dá omi dúró: ẹ dí páànù tí ó lu, ẹ la ojú àgbàrá kúrò ní ìdí ògiri, ẹ sì rẹ́ ibi tí ó sán. Ẹ ṣí fèrèsé ní ọ̀sán, ẹ sá ẹní àti aṣọ sí oòrùn, ẹ kó pákí kúrò ní yàrá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibi tí ó bu. Ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹni tí ó kun ọ̀dà lé ògiri tí ó bu, aṣọ funfun ni ó fi bo egbò. Bí ikọ́ bá sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni ó ti ara ògiri wá.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí ikọ́ ọmọ náà le sí i?
2. Èé ṣe tí kíkun ọ̀dà kò fi tó?
3. Kọ àròkọ lórí “Ìtọ́jú Ilé Wa ní Àkókò Òjò.”