Ìtọ́sọ́nà Àlejò Lórí Ìkànnì Ayélujára

Oríta mẹ́ta a máa kọ àlejò lóminú. Onílé kò mọ ìdààmú yìí, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà láti kékeré. Ẹni tí ó ti òkèèrè wá ni àmì ojú ọ̀nà wà fún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí lórí ìkànnì ayélujára, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé lè wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, tí kò sì sí ẹni tí àlejò lè bi léèrè ọ̀nà.

Ní Ìlú Ọba, kí ó tó di ọdún 2012, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba ni ó ní ìkànnì tirẹ̀. Lóòótọ́ Directgov wà fún ará ìlú, Business Link sì wà fún oníṣòwò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó ṣì fọ́n káàkiri. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí ó fẹ́ mọ owó ìrànwọ́ tí ó tọ́ sí i, lè ní láti kọ́kọ́ mọ ilé-iṣẹ́ tí ọ̀ràn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò kọ́ ọ ní èyí nínú ọ̀fọ̀? Àwọn tí ó ṣe ìkànnì wọ̀nyí mọ ilé ara wọn dáradára, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe sì ti wọlé: wọ́n to ojú ewé bí yàrá ọ́fíìsì wọn ti tò, wọn kò tò ó bí ìbéèrè ará ìlú ti rí.

Ní ọdún 2010, Martha Lane Fox gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2012, GOV.UK gba ipò Directgov àti Business Link. Kò ní àwòrán aláràbarà kankan. Síbẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Design Museum ní Lọ́ńdọ̀nù fún un ní ẹ̀bùn tí ó ga jù ní ọdún 2013. Lẹ́tà rẹ̀ pàápàá, ara àmì ojú ọ̀nà ni a ti mú un. Jock Kinneir àti Margaret Calvert ni ó ṣe àmì tí Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí lò ní gbogbo títì ní ọdún 1965. Wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ orúkọ ìlú, àfi lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan, kí awakọ̀ tí ń sáré lè dá ọ̀rọ̀ mọ̀ láti ìrísí rẹ̀.

Ohun tí ó dára jù lọ lórí GOV.UK ni àkọlé rẹ̀. Ohun tí àlejò fẹ́ ṣe ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń wá ọjọ́ ìsinmi ìjọba tí ó kàn yóò rí i ní lẹ́tà gàdàgbà lókè ojú ewé. Ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ kí ó gbé ni lọ sí ibòmíràn sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó ń lọ. “Tẹ ibí” kò tó. Afọ́jú tí kọ̀ǹpútà ń ka ojú ewé sí létí lè gbọ́ “tẹ ibí” nígbà mẹ́wàá láìmọ ibi tí ọ̀kankan dorí kọ. Ìlà kékeré kan a sì máa wà lókè tí ó ń fi ipa ọ̀nà hàn, bí ọdẹ ti ń ṣá èèpo igi lámì nínú igbó kí ó lè mọ ọ̀nà àbọ̀.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fi ọgbọ́n orí nìkan mọ ibi tí àlejò yóò ti ṣìnà. Àfi kí ó pe ẹni tí kò dé ìkànnì náà rí, kí ó fún un ní iṣẹ́ kan láti ṣe níbẹ̀, kí ó sì jókòó tì í ní ìdákẹ́jẹ́. Ìdákẹ́ yìí ni ó ṣòro jù, nítorí pé ètè a máa yún onílé láti wí pé, “Apá òsì ni!” Bí ènìyàn mẹ́rin nínú márùn-ún bá ṣìnà ní ojú kan náà, ọ̀nà ni kí a tún ṣe.

Ní ọdún 2018, GOV.UK bẹ̀rẹ̀ sí to iṣẹ́ gígùn ní ìpele ìpele, wọ́n sì fi kíkọ́ ọkọ̀ wíwà ṣáájú. Opó náà pẹ̀lú ti ní ojú ewé tirẹ̀ báyìí. Ó ń sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ lọ kọ ikú náà sínú ìwé ìjọba. Lẹ́yìn èyí ètò ìsìnkú, àti bí yóò ṣe fi tó ìjọba létí. Owó ìrànwọ́ náà wà lójú ewé kan náà, níwájú díẹ̀.