Jẹun, Sùn, Kí O Tó Béèrè Ọ̀nà
Kà: 1 Ọba 19:3-16

Awakọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Bìní a máa dúró ní Òrè níhìn-ín jẹun. Èyí tó ń tòògbé, tó sì kọ̀ láti dúró, ọ̀nà kọ́ ni kò mọ̀. Ojú rẹ̀ ni kò ríran mọ́.

Ó rẹ Èlíjà títí ó fi bẹ̀bẹ̀ ikú. Ọlọ́run kò bá a wí. Àkàrà àti omi ni áńgẹ́lì gbé wá, ó sùn, ó tún jẹ. Lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ 40, ní Hórébù, ni Olúwa tó sọ ibi tó kàn fún un: Dámásíkù, Ó sì fún un ní Èlíṣà.

Olùfẹ́, mi ò ní kí o pa àwẹ̀ tì o. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lo sùn dáadáa gbẹ̀yìn?

Àdúrà: Baba, fún mi ní ìsinmi, kí n lè gbọ́ ohùn Rẹ. Àmín.