Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìṣírò Tó Yẹ Kí Ayálégbé Èkó Ṣe Kí Ó Tó Sanwó Ilé

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Èkó lóde òní, ẹnu onílé àti ẹnu ejẹ́ńtì ni òwe yìí ti ń jáde jù. Bí ayálégbé bá ké pé owó ilé ti pọ̀ jù, wọn á ní kí ó lọ wo Ìkòròdú, kí ó lọ wo Àgbádó, tàbí kí ó kúkú sọdá sí Ìbàfò àti Mọ̀wé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí apá rẹ̀ á ti ká a. Òwe náà kò purọ́. Àwọn tó ń pa á ni kò wọn eku náà dáadáa: owó tí onílé pè nìkan ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ọ̀nà mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí eku ṣe tóbi tó. Láti ọdún 2024, ₦85,000 ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó; ₦70,000 ni ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ń gba ₦85,000 á gba ₦1,020,000 lọ́dún. Bí ó bá ya ìdá kan nínú mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ilé, ₦340,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù méjìlá gbáko. Kí ó gbé e lọ sí Yábà tàbí Súrùlérè, bí orí bá bá a ṣe é, á rí yàrá kan nínú ilé féèsì-mí-n-féèsì-ẹ, níbi tí gbogbo ilé ti ń tò sídìí balùwẹ̀ kan láàárọ̀. Sẹ́ẹ̀fù-kọ̀ntéènì? Ejẹ́ńtì á rẹ́rìn-ín.

Ìlú kì í ṣe ìlú kan náà nínú ìpínlẹ̀ yìí. Ìkẹjà ni ọ́fíìsì ìjọba wà, Erékùṣù Èkó ni ọjà àti báńkì, àwọn méjèèjì ló sì ń fa owó ilé àyíká wọn lọ sókè. Ní apá Àgbádárìgì, láti Ọ̀jọ́ dé Ìyànà-Ìbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà lára àwọn tó ń du yàrá pẹ̀lú òṣìṣẹ́. Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, tí wọ́n ti jẹ́ ìlú apẹja àti àgbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti rí èbúté Lẹ́kí tó ṣí lọ́dún 2023 àti ilé ìfọpo Dangote tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2024. Ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, onílé ibẹ̀ náà kò gọ̀. Ìkòròdú ló kù tí ọ̀pọ̀ ń sá lọ.

Ṣé ó dín owó lóòótọ́? Ká ní obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Yábà. Ó rí ilé ₦400,000 ní Ìkòròdú, ó sì rí èyí tó jọ ọ́ ní Ṣómólú ní ₦800,000. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo ará ilé á ti ní kí ó mú ti Ìkòròdú. Ká wá ní owó mọ́tò láti Ìkòròdú fi ₦2,000 ju ti Ṣómólú lọ lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, ₦44,000 nìyẹn, lọ́dún, ₦528,000. Ilé tó fi ₦400,000 rọjú ti gba ₦528,000 padà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú títì, a ò tíì ka wákàtí tó ń lò nínú gosílóò Mile 12, a ò sì tíì ka oúnjẹ tó ń rà jẹ lọ́nà nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó délé. Láti ìgbà tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, owó mọ́tò ti fò sókè, ìṣírò yìí sì ti yí padà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà kò tíì yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe, LEDB, ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Súrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Ilé tuntun ni, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ dáadáa. Òyìnbó kan, Peter Marris, wádìí bí nǹkan ṣe rí fún wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1961. Ohun tó bá pàdé ni pé oníbàárà àwọn obìnrin ọlọ́jà kò tẹ̀ lé wọn dé Súrùlérè, owó mọ́tò wọlé sínú ìnáwó ojoojúmọ́, àwọn ẹbí tó ń bá ara wọn gbọ́ bùkátà sì jìnnà síra. Súrùlérè tí wọ́n ń pè ní òkèèrè nígbà náà ni apá ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ká mọ́ báyìí.

Kí ló dé nígbà náà tí obìnrin aránṣọ yẹn á tún gba Ìkòròdú? Kì í ṣe òmùgọ̀. ₦800,000 lẹ́ẹ̀kan náà ni onílé Ṣómólú fẹ́, ₦2,000 lójúmọ́ sì ni ti awakọ̀. Ẹni tí kò bá lè kó owó jọ pọ̀ ló ń san iye tó ga jù, díẹ̀díẹ̀. Ibí gan-an ni àjọ dídá ti wúlò: kí ó dá a fún owó ilé nìkan, kí ó jẹ́ kí tirẹ̀ bọ́ sí oṣù tó ṣáájú ìgbà tí owó ilé á pé, kí ó má sì fi í ra aṣọ ẹbí. Kí ó wo ojú irin pẹ̀lú. Red Line ti ń kó èrò láti Àgbádó gba Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì àti Múṣin lọ sí Yábà àti Ọyíngbò láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024; ilé tó ṣeé fi ẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ rẹ̀ lè sàn ju èyí tó sún mọ́ Yábà lórí máàpù lọ.

Owó ọdún kìn-ín-ní tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Bí ilé ₦800,000 bá ní kọmíṣọ́ọ̀n ìdá mẹ́wàá, àgírímẹ́ǹtì ìdá mẹ́wàá àti kọ́ṣọ̀n ìdá mẹ́wàá, ₦1,040,000 ló fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sọ́wọ́. Ìyẹn ju owó oṣù méjìlá ẹni tó ń gba ₦85,000 lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń kó kiri lọ́dọọdún ń fi owó ta tẹ́tẹ́. Kí ó ná kọmíṣọ́ọ̀n àti àgírímẹ́ǹtì bí ẹni ń ná ẹja, wọ́n ṣeé ná. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kọ́ṣọ̀n á padà sọ́wọ́ rẹ̀ tí ó bá ń kó jáde.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ènìyàn má ṣe sanwó ilé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé, nítorí ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin ti sanwó lórí yàrá kan náà rí. Bí ó bá sì débẹ̀, kí ó má ṣe gbójú sókè sí àjà POP nìkan. Kí ó tẹ̀ ba, kí ó wo ẹsẹ̀ ògiri. Ọ̀dà tuntun tó dúró sí ibi orúnkún, ilẹ̀kùn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé: omi ti wọ ilé yẹn rí. Lóṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, tí wọ́n bá tú omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀, odò Ògùn a máa ya wọ Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, Owódé Onírin àti Àgbóyì. Ìyá tó ń ta ata níwájú ilé á sọ òótọ́ ju ejẹ́ńtì lọ. Kí ó béèrè bóyá gbèsè wà lórí mítà, kí ó sì mọ̀ bóyá Band A ni iná àdúgbò náà, nítorí yúníìtì iná kan níbẹ̀ ti kọjá ₦200.

Òfin ilé gbígbé ti Èkó, tí Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí lọ́dún 2011, ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ayálégbé tó bá san ju bẹ́ẹ̀ lọ náà rú òfin. ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni ìjìyà rẹ̀. Òfin yẹn kò kan Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Rìsíìtì jẹ́ dandan. Ẹni tó ń sanwó ọdọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé kúrò-nílé olóṣù mẹ́fà, àfi tí àdéhùn wọn bá sọ ohun mìíràn, kò sì sí onílé tó lè yọ òrùlé tàbí ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Bí ó bá jẹ́ ilé tó ní owó àbójútó (service charge), onílé gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà bí ó ṣe ná an. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè, nítorí ẹni kan ṣoṣo ló ń lọ béèrè. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Kí gbogbo ilé fọwọ́ sí lẹ́tà kan.

Tí onílé bá wá fi owó lé owó ní ìwọ̀n tí kò bójú mu, òfin kan náà gba ayálégbé láyè láti ní kí ilé ẹjọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fi wé iye tí àwọn tó wà ládùúgbò ń san. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó máa ń bá onílé àti ayálégbé parí ìjà láìgba kọ́bọ̀. Rìsíìtì, àgírímẹ́ǹtì àti lẹ́tà tí onílé fi kéde owó tuntun ni kí ó kó lọ síbẹ̀, kí ó sì lọ kí owó ilé tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta.